Bàbá Mi, Ẹ Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Gun Àga Ìwàásù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà nílùú Ìlọrin yìí, mo kí yín. Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kí Màmá Àgbà lórí àga wọn lẹ́yìnkùlé. Ẹ bá mi sọ ọ́ sí wọn ní etí ọ̀tún, torí mo mọ̀ pé ti òsì kò gbọ́ràn mọ́. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ àti ìyàwó wọn. Dúró, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, má sì wọ bàtà mi tí mo fi sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ara mi le. Ọyẹ́ ibí ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa bá ṣe. Ní Ìgbàrà-Òkè, ọyẹ́ máa ń wá láàárọ̀, á kí wa, á sì máa lọ. Ti ibí máa ń wọlé jókòó ni. Ètè mi ti bẹ́, gìgísẹ̀ mi ti là, eruku pupa sì wà lórí ìwé mi láàárọ̀ bí mo tilẹ̀ ti fèrèsé pa. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Mo fi ra gààrí, epo àti ẹ̀wà, mo sì ya ti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ má dààmú láti tètè fi òmíràn ránṣẹ́.

Ilé Alhaja kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìpata ni mo ń gbé. Opó ni wọ́n. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé ni lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí mo bá lanu, gbogbo ọmọ ilé á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ ni àbí orin ni mò ń kọ. Alhaja fúnra wọn ní kí n tún un sọ, pé ohùn àwa ará Oǹdó dùn létí àwọn gan-an, kìkì pé àwọn kò mọ̀ bóyá omi ni mo béèrè tàbí iyọ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀. Mo wá dín in kù sí i.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ sí Malete láràárọ̀, níbi tí ilé-ìwé wà. Nínú kíláàsì, gbogbo ènìyàn ti ní ẹni tí wọ́n ń jókòó tì. Mo máa ń gbé báàgì mi sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bíi pé mò ń dá a dúró de ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí pé ta ni mò ń dúró dè. Bí mo bá dé láti ilé-ìwé, màá se oúnjẹ, màá dá a jẹ, màá fọ abọ́ kan àti ṣíbí kan. Ìgbà tí mo wà nílé, mo máa ń ráhùn pé abọ́ pọ̀ jù nínú bàsíà. Mo ṣàárò abọ́ yín.

Bàbá mi, ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ tí Màmá bá mi sọ lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí Màmá. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ máa ń dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kò sì ní sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò títí wọn á fi kọ orin àkọ́kọ́ tán, pé ẹ máa ń di sítíárì mú bí ẹni pé mọ́tò náà ń sáré. Wọ́n ní ẹ gbé ọmọ kan lọ́wọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, iyè yín sì fò lórí orúkọ ọmọ náà. Wọ́n ní Dúró jẹ́ kí ṣíbí bọ́ sílẹ̀, ẹ sì jágbe mọ́ ọn débi pé Màmá Àgbà tí kì í gbọ́ràn gbọ́ ọ. Màmá tún sọ pé àwọn àgbà ìjọ ti bẹ̀ yín pé kí ẹ lọ sinmi fún oṣù díẹ̀, kí àwọn mìíràn máa wàásù, ẹ sì dá wọn lóhùn pé òṣìṣẹ́ Ọlọ́run kì í gba ìsinmi. Wọ́n ní àwọn àgbà ìjọ á tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kí Àjíǹde tó dé, àti pé bí ẹ bá tún kọ̀, wọn kò ní bẹ̀ yín mọ́.

Mo ní ó dàárọ̀, mo sì pa fóònù. Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ ni mo wá kọ síbí yìí, mo sì jẹ́ kí ó jáde síta kí ẹlòmíràn lè kà á, torí ọmọ pásítọ̀ pọ̀ tí ohun kan náà wà nílé wọn tí wọ́n ń ní ó dàárọ̀. Nǹkan tí mo fojú mi rí níbí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ kò jìnnà sí àdúgbò Challenge. Àga ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí gbogbo ìjọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo pásítọ̀ wa. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn wọn sì tóbi ju ara wọn lọ. Bí ìsìn bá parí, wọn kì í lè dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan á di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, á máa sọ ti ọmọ tí kò ríṣẹ́. Ẹlòmíràn á di ti òsì mú, á máa sọ ti ọkọ tó ń mutí. Ìyá kan wà tó máa ń ti fóònù sí wọn létí láàárín gbogbo rẹ̀, á ní kí wọ́n bá àbúrò òun tó wà ní Kánádà gbàdúrà, kíá báyìí ni o, Pásítọ̀, káàdì òun ń lọ.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Pásítọ̀ máa ń ní Ọlọ́run á gbọ́ kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ojú wọn á wà lára rẹ̀, ọwọ́ wọn á wà lórí rẹ̀, àmọ́ àwọn gan-an kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe rí i, ẹ̀yin ni mo rántí. Mo rántí ọjọ́ tí mo sáré wọ yàrá yín láti sọ fún yín pé mo ti rí ilé-ìwé wọ̀. Ẹ kò gbé ojú kúrò lára Bíbélì. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ní Ọlọ́run á wò mí sàn. Mo ṣe àmín. Inú ilé ìdáná ni mo ti rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo sunkún díẹ̀.

Mi ò tíì pẹ́ níbí tí ìyá Pásítọ̀ fi kú ní Ọ̀mù-Àrán. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, wọ́n ti pe Pásítọ̀ láti ilé pé Màmá kò gbádùn rárá, kí wọ́n máa bọ̀. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni ìsìnkú ìyá ọ̀kan nínú àwọn díákónì wa. Pásítọ̀ ní àwọn á kọ́kọ́ parí ìsìn. Wọ́n wàásù, wọ́n tẹ̀ lé òkú dé ibojì, wọ́n gbàdúrà lé àwọn ọmọ olóògbé lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé Ọ̀mù-Àrán, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ìyá tiwọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìsìnkú ìyá wọn, wọ́n ti padà sórí àga ìwàásù. Gbogbo ìjọ yìn wọ́n. Wọ́n ní akínkanjú ni Pásítọ̀ wa, ìyá tó ti gbó tó ti tọ́ ló sì kú, ọpẹ́ ló yẹ. Ẹnì kan tiẹ̀ dábàá pé kí wọ́n wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà á ti yé wọn dáadáa báyìí. Pásítọ̀ ní ó dáa. Wọ́n ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kọ́là wọn ò di ọrùn wọn mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún ṣe, tòun ti àwàdà inú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín níbi tí a ti rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, kí ojú má bàa tì wọ́n.

Àwọn àgbà ìjọ rí i pé nǹkan ń ṣe Pásítọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí i, Bàbá mi, kò ní ṣàjèjì sí yín, torí ohun tí àwa onígbàgbọ́ máa ń ṣe sí gbogbo nǹkan ni. Wọ́n kéde ààwẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, kí a máa pàdé ní ìrọ̀lẹ́, kí a bẹ Ọlọ́run kí ó fún Pásítọ̀ ní agbára ọ̀tun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ta ni yóò darí ààwẹ̀ náà? Kò tiẹ̀ sí ẹni tó béèrè. Pásítọ̀ ni. Àwọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ló ń dá orin, àwọn ló ń ka ohun tí a máa gbàdúrà lé lórí. Ẹni tí àárẹ̀ mú wá ń gbààwẹ̀ ju gbogbo wa lọ, kí àárẹ̀ lè kúrò lára rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a máa parí rẹ̀, àdúrà tó kù ni ti Pásítọ̀ fúnra wọn. Wọ́n mú makirofóònù, wọ́n ní kí a gbé ohùn sókè, kí a ní Olúwa, ran ìránṣẹ́ rẹ lọ́wọ́. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n tún un sọ. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dúró sí àárín ọ̀rọ̀. Wọ́n wò wá. Wọ́n wá sọ jẹ́jẹ́, àmọ́ makirofóònù gbé e dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn, pé àwọn kò ní nǹkan kan tí àwọn fẹ́ bá Ọlọ́run sọ mọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, wọ́n sì gbé orí lé orúnkún.

Ẹ mọ ohun tí ìjọ ṣe? Wọ́n bú sáriwo ayọ̀. Wọ́n rò pé agbára Ẹ̀mí ló gbé Pásítọ̀ ṣubú. Ìlù bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń fò sókè, àwọn kan ń yí nílẹ̀. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi níhà, wọ́n ní kí n pariwo, ṣé mi ò rí i pé iná ti sọ̀kalẹ̀ ni, pé ìwé ti pa ẹ̀mí àwa ọmọ yunifásítì kú. Mo dúró síbẹ̀. Mo ń wo èjìká Pásítọ̀ tó ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iná. Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó Pásítọ̀, tí a ń pè ní Màmá Ṣẹ́gun, dìde láàárín ẹgbẹ́ akọrin. Olùkọ́ ni wọ́n, wọn kì í sáré, wọn kò sì sáré lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ọkọ wọn, wọ́n tú okùn bàtà rẹ̀, wọ́n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń bọ́ bàtà ọmọ tó ti sùn lọ. Wọ́n mú un lọ́wọ́, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ìlù ṣì ń dún. Bàtà náà wà lórí àtẹ̀gùn, ẹnì kan sì ti ń fi òróró yàn án.

Nígbà tí mo délé, Alhaja ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní kí ló dé tí ojú mi rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní háà, ṣé ní tiyín, ẹ máa ń ní kí aláìsàn dìde wá ro ẹ̀kọ tí ẹ fẹ́ fún un mu ni? Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, ikọ́ mú ọkọ àwọn lórí ìrun, kò lè ka kéwú lọ mọ́. Ó fà sẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an sì bọ́ síwájú, ó gba ìrun náà níbi tó dé, wọ́n sì kí i parí. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ẹni tí kò lè gbà á dúró sẹ́yìn lèmọ́mù. Wọ́n wá bi mí pé ta ló ń dúró lẹ́yìn pásítọ̀ wa.

Mo ronú ronú. Mi ò rí ẹnì kan dárúkọ. Bàbá mi, mo tún ronú pé ta ló ń dúró lẹ́yìn tiyín, mi ò sì rí ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé ló kún fún ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá Ṣẹ́gun pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní àwọn ti ṣàkíyèsí pé Malete ni mò ń lọ lójoojúmọ́, àwọn sì ti ṣàkíyèsí pé ẹnu mi kì í jò. Wọ́n ní dókítà ti yẹ Pásítọ̀ wò, ó ní iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára kọjá ohun tí ara ń gbé, ọ̀fọ̀ tí wọn kò ṣe sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kúrò níbi tí fóònù ń dún. Ìdí nìyẹn tí Pásítọ̀ fi wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Malete, nílé Bàbá Sàlíù, àgbẹ̀ kan tí Màmá Ṣẹ́gun kọ́ àwọn ọmọ wọn nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn gbé oògùn àti aṣọ mímọ́ lọ, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìjọ wá Pásítọ̀ kiri. Díákónì kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìwọ ọmọ yìí, ṣé o gbọ́ ibi tí Pásítọ̀ lọ. Mo wo ilẹ̀. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní ẹ fi í sílẹ̀, ojú ń ti eléyìí láti kí èèyàn, kí ló fẹ́ mọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìtìjú mi wúlò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé abúlé náà, ojú oorun ni mo bá Pásítọ̀, lórí ẹní, lábẹ́ igi máńgòrò, ní ọ̀sán gangan. Bàbá Sàlíù ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n rọra, àlejò àwọn ń bá oorun jìjàkadì láti ìgbà tó ti dé, oorun ló sì ń dá a. Wọn kì í pè é ní Pásítọ̀ níbẹ̀. Bàbá Ṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó ń ní kí ó gbàdúrà fún òun, torí mọ́ṣáláṣí ni gbogbo abúlé ń lọ.

Nígbà mìíràn tí mo tún lọ, Pásítọ̀ ti ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú Ìyá Mọ́díná, ìyàwó Bàbá Sàlíù. Ojú wọn ti wú, àmọ́ ó ti padà jọ ojú ènìyàn. Àwọn fúnra wọn ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, bí àwọn ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, Ìyá Mọ́díná kàn béèrè pé báwo ni ìyá wọn ní Ọ̀mù-Àrán ṣe ń ṣe sí. Wọ́n dáhùn pé Màmá ti kú. Ìyá Mọ́díná ju ọ̀bẹ nù, ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ó ní yéè, Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ó ti ṣe di ìsinsìnyí, kí ló dé tí ẹ kò sọ, Ọlọ́hun á kẹ́ wọn, Ọlọ́hun á fi orí jìn wọ́n. Ó pe gbogbo agboolé. Àwọn obìnrin wá jókòó yí wọn ká, àwọn ọkùnrin jókòó sórí àkéte, wọ́n ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọpẹ́ ló yẹ. Bàbá Sàlíù ní kí wọ́n sọ irú èèyàn tí ìyá wọn jẹ́. Pásítọ̀ ní bí àwọn ṣe ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, igbe ló jáde, àwọn sì sunkún bí ọmọdé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti kú, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa kí àwọn kú ọ̀fọ̀ láìní fi ìṣòro tirẹ̀ kún un. Mo mú ọ̀bẹ, mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́.

Wọ́n tún sọ fún mi pé àwọn kò tíì lè gbàdúrà. Wọ́n ní bí àwọn bá ti lanu, ohùn tí àwọn fi ń wàásù ló máa ń jáde, ó sì ń rí àwọn lára. Nítorí náà, àwọn kàn máa ń pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, àwọn á sì dákẹ́. Mo bi wọ́n, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, pé kí ló máa kọ́kọ́ padà. Wọ́n ní ó ti padà. Wọ́n ní ebi ni. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ tí mo wá yẹn, ebi pa àwọn, ebi gidi, inú àwọn sì dùn, torí àwọn ti ń jẹun tipẹ́ láìmọ ohun tó ń jẹ́ ebi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan kò rọrùn, mi ò ní parọ́ fún yín. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, díákónì tó gun àga ìwàásù gbọ̀n débi pé Bíbélì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan bínú lọ sí ibi tí wọ́n ní iná ti ń jó. Wọ́n ní pásítọ̀ tí àárẹ̀ lè mú kò ní agbára. Àwọn àga kan ṣófo, wọ́n ṣì ṣófo títí di òní. Àmọ́ ìjọ kò túká. Díákónì náà kò gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn mẹ́ta ló ń gba ìwàásù ṣe lọ́wọ́ ara wọn báyìí, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ ju bí a ti rò lọ.

Pásítọ̀ padà dé ní ọjọ́ Ìsinmi kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò lọ síwájú. Wọ́n rọra wọlé nígbà tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jókòó sí àga ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n kọrin jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ka ìfilọ̀, wọ́n tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní jọ̀ọ́, kí ni orúkọ mi gan-an, pé àwọn ti gbọ́wọ́ lé mi lórí lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti gbé aṣọ wá fún àwọn lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ mi, ọmọ mi ni àwọn sì ń pè mí. Mo ní Mojísọ́lá ni. Wọ́n tún un pè. Wọ́n ní ọmọ ta ni mí. Mo ní ọmọ pásítọ̀ ni mí, láti Ìgbàrà-Òkè. Wọ́n wá bi mí pé báwo ni bàbá mi.

Mo ya ẹnu láti dáhùn, Bàbá mi. Mo fẹ́ sọ pé dáadáa ni, a dúpẹ́. Omi ló jáde lójú mi. Pásítọ̀ kò gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọn kò sì ní Ọlọ́run á gbọ́. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kọ̀wé sí yín.

Wọ́n ń wàásù báyìí, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo. Ohùn wọn ti wálẹ̀. Màmá Ṣẹ́gun ló ń mú fóònù wọn lọ́wọ́ bí oòrùn bá ti wọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n á dìde jáde láàárín ìsìn, wọ́n á lọ dúró níta, díákónì á sì bọ́ síwájú. Àwọn tó fẹ́ràn ohùn wọn àtijọ́ ń ṣàárò rẹ̀. Èmi náà ń ṣàárò rẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ wọ́n wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì mọ orúkọ mi.

Bàbá mi, ẹ gba ìsinmi yẹn. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ bá tún jókòó kí Àjíǹde tó dé, ẹ sọ fún wọn pé ẹ gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ kéde ààwẹ̀ nítorí yín, ẹ jẹ́ kí àwọn gbà á, kí ẹ̀yin lọ sùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín pé ìjọ á túká. Àwọn kan lè lọ lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé Ọlọ́run á bínú. Ọmọ yín ni mí, mi ò lè kọ́ yín ní Bíbélì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ò ní bàbá mìíràn. Alhaja ní kí n sọ fún yín pé yàrá kan ṣófo nílé àwọn, pé bí ẹ bá wá, ẹ lè sùn títí, kò sí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn mọ́ yín fún àdúrà, torí àwọn ní àwọn àlùfáà tiwọn.

Ẹ má wá ẹsẹ Bíbélì tí ẹ máa fi dá mi lóhùn, Bàbá mi. Ẹ ká lẹ́tà yìí, kí ẹ lọ bá Màmá níbi tí wọ́n bá wà nínú ilé, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un. Wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń dúró kí ẹ sọ ọ́ ni.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Á fún yín ní oorun àsùnjí, á jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu yín. Á jẹ́ kí Màmá rí yín bá sọ̀rọ̀ lójúkojú di ọjọ́ alẹ́ wọn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn àgbà ìjọ, ẹ ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n rí ohun tí a rí. Ẹ bá mi di Màmá Àgbà mọ́ra. Dúró, sọ fún Bàbá pé ṣíbí yẹn kò fọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń retí yín,
Mojísọ́lá